Ilé mẹ́tàlélógún, mẹ́sàn-án ti di àlàpà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí kíkọ ìtàn àwọn ilé abúlé wa

Ọmọ Abà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín.

Abúlé bàbá mi wà láàárín Ìbàdàn àti Ìwó. Abà kókó ni kó tó di abúlé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ilé mẹ́tàlélógún ni mo máa ń kà láti ojú ọ̀nà mọ́tò títí dé odò. Nígbà tí a lọ sìnkú bàbá mi lóṣù Kejìlá tó kọjá, mẹ́sàn-án nínú wọn ti di àlàpà. Igbó ti bo méjì mọ́lẹ̀ débi pé àlejò ò ní mọ̀ pé ènìyàn dáná níbẹ̀ rí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, nawọ́ sí ọ̀kan lára àwọn àlàpà náà, ó ní, "Àǹtí, ilé ta nìyẹn?" Mo ní ilé Bàbá Télọ̀ ni. Ó ní kí ni orúkọ Bàbá Télọ̀? Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo bi àwọn àgbà mẹ́rin tó jókòó lábẹ́ àtíbàbà, kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n nínú wọn. Ọkùnrin tó rán aṣọ ọdún fún gbogbo wa, tó gbé láàárín wa títí ó fi kú, a ò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Mo fẹ́ kọ ìwé kan: ilé kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kọ́ ọ, ìgbà tó kọ́ ọ, gbogbo ẹni tó gbé inú rẹ̀, àti ibi tí wọ́n gbà lọ. Fóònù ni mo ní, àti jótà, àti ọjọ́ Sátidé mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kí ni kí n máa bèèrè? Kí ló yẹ kí n má fẹnu kàn rárá?

Olùkọ́ Àgbà Òṣogbo

Ọmọ mi, o kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ̀yìn bàbá á dára.

Kí o tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kan, kọ́kọ́ rin abúlé náà já. Mú jótà dání, bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kí o sì máa ya ilẹ̀ náà bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe ń lọ. Má wulẹ̀ wá rúlà. Fi onígun mẹ́rin ṣe àmì ilé tó dúró. Fún àlàpà, fa ìlà rẹ̀ ní já-ń-já. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí nọ́ńbà náà má sì yí padà mọ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí, nítorí orúkọ ilé máa ń yí. Ilé tí bàbá kan ń pè ní ilé Ológun, ẹlòmíì á pè é ní ilé Aláró, àwọn ọmọ ìsinsìnyí á pè é ní ilé onípáànù pupa. Nọ́ńbà ló máa jẹ́ kí o mọ̀ pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ń sọ.

Má fi mọ sórí ilé. Kọ igi sílẹ̀. Igi obì, igi orógbó àti igi ọ̀sàn kì í sábà dá hù. Ẹnì kan ló gbìn ín sẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ibi tí o bá ti rí pèrègún tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ààlà ni tàbí ojúbọ. Òkìtì tí ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, tí àpáàdì kún inú rẹ̀, àkìtàn ni, ilé kì í sì í jìnnà sí àkìtàn. Ní abúlé ìyá mi, igi orógbó kan ló fi ilé tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́ hàn wá. A bi ìyá arúgbó kan pé ta ló gbìn ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ òun àkọ́kọ́ ni. Bí ilé kan ṣe jáde wá láti inú igbó nìyẹn.

Wo ògiri pẹ̀lú. Ìpele ìpele ni wọ́n ń mọ ilé amọ̀. Wọ́n á jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, o sì lè ka ìpele náà lára àlàpà. Ibi tí àwọ̀ amọ̀ bá ti yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n tún un mọ ni, bèèrè. Bí wọ́n bá kọ ọdún síwájú ilé, bí àwọn tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láyé owó kókó ṣe máa ń ṣe, kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wádìí bóyá ọdún tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ sọlẹ̀ ni tàbí ọdún tí wọ́n rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ńtì. Mo ti rí ilé tí ọdún mẹ́sàn-án wà láàárín méjèèjì.

Ìyálé Ìṣẹ́yìn

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Olùkọ́. Èmi fẹ́ sọ ti àwa obìnrin.

Bí ẹ bá dé abúlé, gbogbo ènìyàn á ní kí ẹ lọ bá baálé. Ẹ lọ bá a, ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ gba àṣẹ, ẹ gbọ́ gbogbo ohun tó bá sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí baálé máa sọ fún yín ni bí ilé ṣe di ti àwọn bàbá rẹ̀. Ẹni tó mọ àwọn tó gbé inú ilé ni ìyàwó tó dàgbà jù lọ. Ó bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé. Òun ló ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu ìloro dé yàrá tó kẹ́yìn. Ó mọ ẹni tó ń sùn síbì kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ ẹni tí òun ń pọn omi fún.

Nítorí náà, ẹ má bi í pé "Ta ló gbé ilé yìí?" Orúkọ mẹ́ta lẹ máa gbọ́, ó tán. Ẹ fi igi ya ilé náà sórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀: ìloro rèé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rèé, yàrá rèé, yàrá rèé. Kí ẹ wá nàka sí ọ̀kan: "Ìyá, lọ́jọ́ tí wọ́n wẹ ẹsẹ̀ yín wọlé, ta ló ń sùn nínú èyí?" Kí ẹ sì dákẹ́. Bó bá ti sọ ti yàrá àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gba igi lọ́wọ́ yín. Mo ṣe é pẹ̀lú ìyá ọkọ mi. Ilé oníyàrá mẹ́jọ, ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kà fún mi, tó fi mọ́ ọmọ Ègùn kan tó ń bá wọn roko, tó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta. Àwọn ọmọ ilé tí mo kọ́kọ́ bi, méje péré ni wọ́n kà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló máa dà yín láàmú jù. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́, bí wọ́n bá ti bí i kí ìyàwó tó dé. Ó ní láti fún un ní orúkọ tirẹ̀: Ìbàdíàrán, Akọ̀wé, Adúmáadán, Bàbá-mi-kékeré. Bí ìyàwó mẹ́rin bá wà, ọmọ kan lè ní orúkọ mẹ́rin tí kò sí nínú ìwé kankan. Lẹ́yìn náà ni yóò dàgbà, wọ́n á fi iṣẹ́ rẹ̀ pè é, wọ́n á fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè é. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé kan, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀: orúkọ àbísọ, oríkì, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́sálásí, ìnagijẹ, èyí tí àwọn ìyàwó ń pè é. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó sọ ẹnì kan di márùn-ún, ẹ ó sì sọ ẹni méjì di ọ̀kan.

Ọmọ Ọ̀fà

Àǹtí Ọmọ Abà, ẹ má bèèrè ọdún lọ́wọ́ àgbà o. Ẹ bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ìyá mi àgbà ò mọ ọdún tí wọ́n bí òun, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ti ń ru korobá omi lórí lọ́jọ́ tí òṣùpá bo oòrùn lójú lọ́sàn-án. Ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún 1947 nìyẹn. Ìyẹn nìkan jẹ́ ká lè ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, àti ti àbúrò rẹ̀ tó wà lẹ́yìn, àti ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà yẹn.

Ẹ ṣe òǹkà tiyín kí ẹ tó lọ. Ogun Adùbí (tí àwọn Ẹ̀gbá bá ìjọba òyìnbó jà) àti àrùn lùkúlùkú (àìsàn gágá tó pa ènìyàn káàkiri ayé), 1918 ni méjèèjì, àwọn àgbà ayé yìí ti gbọ́ ọ lẹ́nu òbí wọn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955. Ẹni tó bá ní "ọdún tí wọ́n ní kí gbogbo ọmọ wá sílé ìwé" ti fún yín lọ́dún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní agbègbè Ìbàdàn, Àgbẹ́kọ̀yà, ìjà tí àwọn àgbẹ̀ bá ìjọba jà lórí owó orí, ló máa wúlò fún yín jù, 1968 sí 1969, nítorí ní ọ̀pọ̀ abúlé ni àwọn ènìyàn ti sá wọ igbó lásìkò yẹn. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 ni mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Oṣù Kìíní 1973 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ 1980. Tí bàbá kan bá sọ pé òun ò rántí ìgbà tí òun kan páànù, ẹ bi í pé, "Pọ́n-ùn lẹ fi rà á ni, àbí náírà?" Ẹ máa rí i bí ojú rẹ̀ ṣe máa là.

Ọ̀kan wà tó kan ọ̀dọ̀ wa gan-an. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kúrò ní Gánà. Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Èjìgbò, ẹ lọ bèèrè. Àwọn tó ti kọ́ ilé síbẹ̀, tó ti bímọ síbẹ̀, ẹrù tí wọ́n lè gbé lórí ni wọ́n gbé wálé. Nílé bàbá mi, yàrá tó jẹ́ ti ẹnì kan di ti ènìyàn mẹ́fà láàárín oṣù kan. Àwọn mìíràn ò lè dúró sílùú wọn nítorí ojú ń tì wọ́n pé ọwọ́ òfo làwọn fi dé, wọ́n bá lọ sí abà àwọn ẹlòmíì lọ bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ rèé: Bàbá Télọ̀ yín. Àwọn télọ̀ abúlé kan nígbà náà, Gánà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ẹ bèèrè bóyá ẹnì kan rántí pé ó ń sọ Twi, èdè kan ní Gánà.

Akọ̀wé Kóòtù

Iṣẹ́ yìí wù mí púpọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kìlọ̀.

Ẹ̀rí ni ìtàn àbáláyé jẹ́ ní kóòtù. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn fi lè fi hàn pé òun ló nilẹ̀, ìtàn àbáláyé ló sì ṣáájú: ta ló tẹ ibẹ̀ dó, báwo ló ṣe dé ibẹ̀, àwọn wo ló tẹ̀ lé e títí ó fi kan ẹni tó ń jẹ́jọ́. Ẹ wò ó dáadáa, ohun tí ẹ fẹ́ kọ sínú jótà gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ abúlé bá dowó, lọ́yà ẹnì kan máa wá jótà yẹn kiri.

Nítorí náà, ẹ má kọ "ilé lágbájá". Ẹ kọ "ilé tí lágbájá kọ́", "ilé tí lágbájá gbé". Ẹ má kọ pé ẹnikẹ́ni ló nilẹ̀. Lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ kọ ẹni tó sọ ọ́, ilé tó ti wá, àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Bí ìdílé méjì bá sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ má dájọ́. Àwòrán tí Olùkọ́ ní kí ẹ yà, ilé àti ọ̀nà ni kó mọ sí. Ẹ má fi ààlà oko sí i rárá.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú òǹkà ìyàwó. Bí wọ́n bá fi ìdí igi pín ogún (ẹ̀ka ìyàwó tó bímọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan), tí kì í ṣe orí-ò-jorí (ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan), iye ìyàwó tó bímọ ló ń sọ iye ìpín. Ìyàwó kan tí ẹ gbàgbé lè jẹ́ ẹ̀ka kan tí ẹ gé kúrò. Ẹ ka ojú ewé ilé kọ̀ọ̀kan sí etí àwọn tó ni ín kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ọmọ Abà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo lọ ní Sátidé tó kọjá. Ìrìn náà dùn mọ́ mi, nọ́ńbà ti wà lára ilé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí, nítorí mo rí ìpìlẹ̀ mẹ́ta tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ igi obì gẹ́gẹ́ bí Olùkọ́ ṣe sọ.

Ṣùgbọ́n mo ṣe àṣìṣe kan. Bàbá kan ń sọ̀rọ̀ dáadáa, mo bá fa fóònù yọ, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó dákẹ́. Ó ní òun fẹ́ lọ wo ewúrẹ́ òun. Kò padà wá títí mo fi lọ. Ó dùn mí gan-an, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀bi mi ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní London

Ẹ má bínú, ẹ ṣì lè tún un ṣe. Ẹ lọ pẹ̀lú obì tàbí nǹkan tí bàbá ń jẹ, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ má sì mú fóònù jáde lọ́jọ́ náà rárá. Ìgbà kejì ni kí ẹ bèèrè. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun gbọ́ ohùn rẹ̀. Bàbá tèmi ò gbà títí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Bó bá gbà, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sínú fóònù: ọjọ́ òní, ibi tí ẹ wà, ẹni tó ń sọ̀rọ̀, nọ́ńbà ilé, àti pé ó fọwọ́ sí i. Ẹ ti ìpè pa kí ẹnikẹ́ni má baà pè yín sí àárín ọ̀rọ̀. Ẹ gbé fóònù lé aṣọ tí ẹ ká, nítòsí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì jìnnà sí ẹ̀rọ ìlọta. Nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ fi nọ́ńbà ilé àti ọjọ́ ṣe orúkọ fáìlì, kí ẹ kó o sí ibi méjì ó kéré tán. Fóònù mi bọ́ sómi lọ́dún kan, ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin bá a lọ, ó sì ti kú báyìí. Mi ò tíì dárí ji ara mi.

Tí ẹ bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, kó má baà sọ ọ́ di kékeré. Fọ́tò àtijọ́ tó wà lára ògiri, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gbé e síta sábẹ́ ibòji, ẹ yà á láìtan iná fóònù. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà! Àwọn onífọ́tò ìgbà yẹn máa ń lu òǹtẹ̀ orúkọ àti ìlú wọn sẹ́yìn. Bí a ṣe mọ̀ nìyẹn pé bàbá wa àgbà gbé ní Jọ́ọ̀sì rí, ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ sí fọ́tò, pẹ́ńsù lẹ́yìn ni, kì í ṣe bírò. Ẹ sì wo ilà ojú: àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́. Ó lè tọ́ka sí ìlú tí ẹni tí ẹ ò mọ̀ ti wá.

Ọmọ Pópó Àgùdà

Kí ẹ má ṣe rò pé àkókò ṣì pọ̀. Ní Èkó, níbi Tinubu Square, ilé àwọn Àgùdà (àwọn tó padà wálé láti Brazil) kan wà tí à ń pè ní Ilojo Bar. Ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án 2016 wọ́n wó o palẹ̀. Ilé tó níwèé, láàárín ìgboro, lójú gbogbo ayé. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ilé amọ̀ tí òjò nìkan ń bẹ̀ wò? Sátidé yìí ni kí ẹ lọ, ẹ má dúró de ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọmọ Ẹ̀ṣọ́

Kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ oríkì orílẹ̀, èyí tí ìdílé ń jẹ́. Orílẹ̀ ni ìwé ìrìnnà ìdílé. Bí obìnrin ilé kan bá ń kí ọkọ rẹ̀ ní ọmọ Oníkòyí, ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn, ẹ mọ̀ pé Ìkòyí ti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, kí ogun tó tú wọn ká. Ẹ gba oríkì ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí wọ́n ń fi jí ọmọ. Ẹ má ní kí wọ́n kà á bí ẹni ka ìwé, kò ní jáde.

Olùkọ́ Àgbà Òṣogbo

Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìṣọ́ra. Oríkì ń sọ ibi tí ìran ti ṣẹ̀, kì í sọ ẹni tó kọ́ ilé tí ẹ dúró síwájú rẹ̀. Ilé mẹ́ta lè máa jẹ́ ọmọ Oníkòyí ní abúlé kan kó má sì sí ẹ̀jẹ̀ láàárín wọn. Ìyàwó náà ń gbé oríkì ilé bàbá tirẹ̀ wọlé ọkọ. Kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oríkì, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kì í.

Alákétu

Ẹ kú iṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè Benin. Kétu ni mo ti wá. Ní 1886 ni ogun Dàhọ́mì kó ìlú wa. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ́mì ni àwọn tó kù padà wá tún un tẹ̀dó. Nítorí èyí, a mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ìbéèrè kan wà tí kò dára: "Ta ló kọ́kọ́ dé?" Olúkúlùkù á ní bàbá òun ni, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí èmi ń bèèrè ni: "Nígbà tí bàbá yín dé, ilé ta ni wọ́n ti lọ fọn iná?" Kò sẹ́ni tó ń tijú láti dáhùn èyí. Ilé àkọ́kọ́ ni ilé tí gbogbo ènìyàn ti gba iná, tí òun ò sì gba tẹnikẹ́ni. Mo to ilé mọ́kànlá tẹ̀ léra wọn báyìí láìsí ariwo.

Ọmọ Ìwé

Ẹ má gbàgbé ìwé. Ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì tó sún mọ́ yín jù, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ (orúkọ òbí máa ń wà níbẹ̀), rìsíìtì owó orí tó wà nísàlẹ̀ àpótí bàbá. Ibi ìkówèéjọ ìjọba àpapọ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn ìwé ìgbà òyìnbó lórí agbègbè yín wà níbẹ̀. Ẹ wá orúkọ abúlé ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí akọ̀wé òyìnbó lè gbà kọ ọ́; ẹ ronú pé kò gbọ́ Yorùbá.

Òtítọ́ Kì Í Kú

Èmi ní tèmi, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó jalè, ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú, ẹni tó jẹ́ ìwọ̀fà, ẹni tí wọ́n rà. Ìtàn tí a bá ti gé kì í ṣe ìtàn mọ́.

Ìyálé Ìṣẹ́yìn

Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n, n ò sì ní pè é ní irọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ ìwọ̀fà yẹn wà nínú abúlé báyìí, ó ń fẹ́ ọmọ wọn sọ́nà. Ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé lè tú ìgbéyàwó ká. Ẹni tó bá gbé inú ilé, ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó gbé inú ilé: orúkọ rẹ̀, yàrá rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀. Má yọ ọ́ kúrò, torí yíyọ kúrò ni ìkà tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀, ìyẹn wà fún ìwé kejì tí kò ní jáde, àwọn ọmọ rẹ̀ ló máa sọ ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kó jáde.

Yàrá egúngún, ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ má yà á. Ẹ kọ "yàrá tí a kì í wọ̀", ó tó.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní kí ẹ kọ láìbojúwẹ̀yìn: ibojì. Inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí láyé àtijọ́, nínú yàrá wọn tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ògiri bá wó, kò sí àmì mọ́. Wọ́n ti fi katapílà tú ilẹ̀ ibi tí ìyá ìyá mi sùn sí, ẹni tó ra ilẹ̀ ò mọ̀, àwa náà ò sì kọ ọ́ síbì kankan tí à bá fi hàn án. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé, ẹ kọ yàrá, ẹ kọ orúkọ.

Ọmọ Abà

Ẹ̀yin ará mi, ó ti tó oṣù mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́.

Mo tún lọ bẹ bàbá elewúrẹ́, ó ti dárí jì mí, ohùn rẹ̀ wákàtí méjì wà lọ́wọ́ mi. Ilé mọ́kàndínlógún ti ní ojú ewé. Ìdílé méjì ò gbọ́ra wọn yé lórí ilé kejìlá, mo kọ ti àwọn méjèèjì. Ìbéèrè iná Alákétu ṣiṣẹ́ débi pé àwọn àgbà ń rán ara wọn létí láìdúró dè mí.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti Ìyá kan tó kù nínú àwọn ìyàwó ilé wa. Mo ya ilé sílẹ̀ níwájú wọn bí Ìyálé ṣe kọ́ mi. Mo nàka sí yàrá ẹ̀gbẹ́ ìloro, yàrá tí èmi gan-an sùn ní gbogbo ìgbà ọmọdé mi. Ìyá ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti Gánà dé ni." Mo ní èwo? Wọ́n ní, "Télọ̀ náà kọ́." Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lórí wọ abúlé lọ́dún tí Àgbẹ́kọ̀yà ń rọlẹ̀, bàbá bàbá mi fún un ní yàrá, ó sì sùn níbẹ̀ fún òjò méjì kó tó kọ́ ilé tirẹ̀. Twi ló fi ń ka ọ̀pá aṣọ, àwọn ọmọdé á máa ṣín in jẹ lẹ́yìn fèrèsé. Ará Ìnísà ni.

Mo bi Ìyá pé kí ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò pè é rí, àwọn bá a nílé ni. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wá láti Ìnísà nígbà tí télọ̀ náà bí àkọ́bí rẹ̀, ìyá náà sùn lẹ́ẹ̀mẹta, ní ìdájí ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ó dúró sẹ́nu ìloro, ó fi orúkọ rẹ̀ àti oríkì rẹ̀ jí i. Àwọn wà nídìí omi, àwọn gbọ́ ọ. Ìyá wá pe orúkọ náà fún mi bí ìyá rẹ̀ ṣe pè é.

Ó ti wà nínú jótà, ojú ewé ilé kẹrìnlá. Mi ò ní kọ ọ́ síbí kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó fọwọ́ sí i. A ti ń wá wọn ní Ìnísà. Ṣùgbọ́n mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n tún un pè, díẹ̀díẹ̀, ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.